Ohun Tó Ń Dún Nínú Agolo

Ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀.

Ìró tí Àbúrò fi ń rántí ilé nìyẹn. Ẹlòmíràn tó bá pẹ́ lájò bíi tirẹ̀, òjò orí páànù ló máa ń sọ, tàbí ohùn ìyá tó ń pe ọmọ wọlé nírọ̀lẹ́. Òun náà rántí òjò, ó sì rántí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó ronú kan ọ̀kan nínú méjèèjì, agolo oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti dún lágbárí rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ń mì í lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan lójú títì. Ilẹ̀kùn onírin ló ní, àti káńtà onígíláàsì tó ti sán ní igun kan, àti àga onígi tí aláìsàn ń jókòó lé kí wọ́n tó sọ fún un pé àìsàn rẹ̀ kéré ju bó ṣe rò lọ, tàbí pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, bó bá ṣe wu ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Kò kọ́ṣẹ́ oògùn níbì kankan. Ó bá ẹnìkan tó ń ta oògùn gbálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó rí i pé kóòtù funfun ni ọ̀gá ọ̀hún máa ń wọ̀, ó sì gbà pé inú kóòtù ni ìmọ̀ wà. Lọ́wọ́ alápatà ló ti rí tirẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, síbẹ̀ àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú kan ò kúrò lápá òsì. Ẹni tó bá béèrè, á sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tí òun gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni.

Agolo mílíìkì kan tó ti ṣófo ló fi ń ṣe gbogbo àyẹ̀wò. Á da oògùn tó fẹ́ tà sínú rẹ̀, á gbé e sún mọ́ etí oníbàárà, á mì í, á dijú bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

"Gbọ́ ọ dáadáa. Oògùn tí ò bá dún ò lè jà."

Àwọn èèyàn a sì gbọ́! Àgbà èèyàn, ọlọ́mọ, ẹni tó mọ òwò, tó mọ ìwé, a dẹtí sí agolo mílíìkì, a mi orí, a ní, "Èyí máa ṣiṣẹ́ o." Bí oògùn bá kéré, tó rí roboto, tó ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, wọ́n á yínmú sí i. Bó bá tóbi débi pé ọ̀fun ń bẹ̀rù rẹ̀, tó ń gbá ara agolo gbàràgàdà, ojú wọn á tàn. Bí wọ́n ṣe ń pe Ẹ̀gbọ́n ní Alágbára nìyẹn. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá wọn sọ ọ́ lọ.

Àbúrò ti bá a dúró nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn rí, nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Kò pẹ́ tó fi sá kúrò níbẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ aago títúnṣe, iṣẹ́ yẹn ló sì gbé e dé ìlú òkèèrè tó darúgbó sí. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni kí ó gbé aago sétí kí ó mì í jẹ́jẹ́. Aago tó bá pé, kò ní dún ju kẹ́-kẹ́-kẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tí nǹkan bá ń dún ṣẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀, nǹkan ti já níbẹ̀ ni. Ọjọ́ tó kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wò ó bí ẹni wo wèrè.

Orí rẹ̀ ti funfun bí òwú báyìí, ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹbí, Àbúrò ni títí dòní. Ọmọ tí kò tíì lè fun ikun imú ara rẹ̀ ń kí i ní "Bàbá Àbúrò." Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, fóònù ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ẹbí ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù níbi tí gbogbo wọn ti ń kíra, ibẹ̀ sì ni Alágbára ti ń fi ohùn ránṣẹ́ láràárọ̀: bó ṣe yẹ kéèyàn sùn, bó ṣe yẹ kéèyàn yàgbẹ́, ìdí tí àwọn dókítà ayé ìsinsìnyí fi jẹ́ òpè. Àbúrò kì í fo ọ̀kan. Kì í sì í fèsì sí ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ẹni ni ẹ̀gbọ́n ẹni. Bó bá sọ̀rọ̀ tó ń rùn, imú là á dì, a kì í sọ pé ó rùn.

Bí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, kì í ṣe ọgbọ́n ló ń wá lọ síbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ohùn Alágbára ló ń gbọ́: ọkọ̀ tó ń fọn fèrè, obìnrin kan tó ń bú ẹnìkan tìfẹ́tìfẹ́, ilẹ̀kùn onírin tó ń ké bí wọ́n ti ń tì í sókè. Gbogbo àdúgbò tó fi sílẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ìsọkúsọ yẹn. Kò sí ibòmíràn tó ti lè gbọ́ ọ, ó fara da ọ̀kan nítorí èkejì.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ń ṣe, torí náà Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Tíṣà ti padà sílé tipẹ́, ó fẹ́ ọkọ kan tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, ọmọlúàbí èèyàn tó lè jó irin pọ̀ láìwárìrì, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù àna ń bà ju ẹ̀rù iná lọ. Oyún ti bọ́ lára Tíṣà rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó wà nínú rẹ̀ báyìí, gbogbo wọn ń rìn yí i ká bí ẹni tó ń rìn yí ẹyin ká. Àbúrò ò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnu òun dárúkọ rẹ̀. "Ẹrù wa ńkọ́?" ló máa ń béèrè. "Ẹrù ń bẹ, Bàbá mi."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Tíṣà dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, nígbà tí omi ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò rò ó sí nǹkan míì ju pé ìtọ̀ ló bọ́ mọ́ òun lára. Ìtìjú mú un. Ó ní kí àwọn ọmọ tẹ orí ba kí wọ́n máa kọ ohun tó wà lójú pátákó, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni tó ń kúrò níwájú ọba. Nígbà tó dé ìta, omi náà ò dúró.

Àbúrò jókòó ti tábìlì rẹ̀, ó ń yọ ẹ̀yìn aago aládùúgbò kan, nígbà tí fóònù dún.

"Bàbá mi, omi mi ti tú."

"Omi wo?"

"Omi ọmọ. Oṣù ò tíì pé. Ilé ìwòsàn ni mo wà."

Ó gbé ẹ̀mú kékeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó ń ro ọ́?"

"Kò ro mí rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí."

Ẹnìkan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹ̀bí tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ni, Ìyá Wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó ń jà kódà tó bá ń kíni.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ má gbọ̀n. A ti wò ó, a fi iná wò ó ni, a ò kọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi yẹn, ògiri ni fún ọmọ. Ṣé ẹ̀yin àgbà lẹ sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀?"

"Àwa la sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ògiri ti lanu. Oògùn apakòkòrò tí a fẹ́ kó máa lò yìí ò lè rán ògiri. Aláǹgbá ló ń lé, kí kòkòrò àrùn má bàa wọlé bá ìyá àtọmọ."

"Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé kò ní í jáde báyìí?"

"Ó lè jáde nígbàkígbà. A fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Ọjọ́ tó bá fi kún un níbẹ̀, èrè ni. A ti gún un lábẹ́rẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Tí ibà bá dé, tí omi yẹn bá ń rùn, tí ọmọ ò bá mira bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, a ò ní dúró mọ́."

"Ẹ ṣeun, ìyá. Oògùn yẹn, ṣé ó lágbára?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí ó tó gbọ́ ọ. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá wo dígí tó rí ojú ọ̀tá.

Ìyá Wọ́ọ̀dù pòṣé. "Bàbá, ṣé ìjàkadì lẹ fẹ́ kó lọ jà ni?"

Oògùn náà ti tán nílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé fún Wẹ́dà kí ó lọ rà á wá. Ìyá Wọ́ọ̀dù kìlọ̀ fún un lójú Tíṣà: èyí tí wọ́n kọ, oògùn pupa kékeré, ni kí ó gbà, bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní funfun ńlá tí wọ́n po oògùn méjì pọ̀ sínú rẹ̀, kí ó kọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan wà lẹ́yìn ògiri ilé ìwòsàn gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ́ rí ọkọ Tíṣà kí ó máa ra oògùn lọ́dọ̀ àjèjì, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó rẹ̀, tí Tíṣà ń pè ní Bàbá Àgbà, ń ta oògùn? Wẹ́dà gun alùpùpù rẹ̀, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tó dára, ó lọ sí ti Alágbára.

Alágbára na ìwé náà jìnnà sójú, ó fà á mọ́ra, ó tún nà án.

"Ta ló kọ èyí?"

"Dókítà ni, sà."

"Dókítà ọmọ ọdún mélòó?"

"Mi ò bi í, sà."

"Ẹ̀hẹ́n! O ò bi í. Oògùn pupa kékeré yìí, àwọn ọmọdé tí ọ̀fun ń dùn ni mò ń fún. Odindi omi tú lára ìyàwó ẹ, èyí ni wọ́n ní kó lò. Ṣé o fẹ́ràn ìyàwó ẹ ṣá?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, sà."

"Ìwọ tó o ń jórin, ṣé iná àtùpà lo fi ń jó o?"

"Ó dá lórí irin náà, sà. Irin tó bá fẹ́lẹ́, iná ńlá á dá a lu ni."

"Dákẹ́. Oògùn là ń sọ, o ń sọ̀rọ̀ irin fún mi."

Alágbára na ọwọ́ sókè àgbéko, ó mú oògùn funfun wá, ó gùn tó èékánná àtàǹpàkò. Ó da á sínú agolo, ó gbé e sí àna rẹ̀ létí, ó mì í. Gbàràgàdà. "Ṣé o gbọ́ ọ? Alápapọ̀ nìyẹn. Oògùn méjì nínú ẹyọ kan. Sọ fún un pé mò ń bọ̀ lọ́la, ojú mi ni yóò ṣe gbé e mì."

Tíṣà ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Kò kọ nǹkankan sábẹ́ rẹ̀. Àbúrò rí oògùn náà lórí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀, funfun, gbọọrọ, bí eyín ẹṣin, ó sì pè é.

"Ìyá Wọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Ó wà níbí. Ó ń bú Wẹ́dà."

Lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. "Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ? Bàbá, ẹ gbọ́. Oògùn yìí kì í ṣe oògùn burúkú, mo ti lò ó fún egbò ara mi. Ṣùgbọ́n tí omi aboyún bá tú láìtọ́jọ́, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára obìnrin tó pọ̀, wọ́n rí i pé ìfun ọmọ tí kò tíì gbó lè tipasẹ̀ ẹ̀ bà jẹ́. Ìfun ọmọ, Bàbá! Ẹni tó fún un ní èyí, níbo ló ti kọ́ṣẹ́?"

"Lẹ́nu ara rẹ̀," ni Àbúrò wí.

Wẹ́dà ti tún jáde, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ògiri lọ wá oògùn pupa. Ìyẹn ò le. Ohun tó le ni Alágbára tó ń bọ̀ lọ́la. Tíṣà sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí Ìyá Wọ́ọ̀dù má bàa gbọ́.

"Bàbá mi, kí ni kí n sọ fún Bàbá Àgbà? Ẹ mọ̀ wọ́n. Tí mo bá kọ oògùn wọn lójú wọn, gbogbo ẹbí ló máa gbọ́ pé mo rí wọn fín."

Àbúrò ronú. Ó ronú bí ọmọlúàbí, èyí tí kì í ṣe ọ̀nà tó dára jù láti ronú nígbà gbogbo. "Fi ọwọ́ méjì gbà á," ó ní. "Dúpẹ́. Má gbé e mì."

Ọjọ́ kejì, Alágbára wọ kóòtù funfun rẹ̀ wá sílé ìwòsàn. Kóòtù alápatà! Ó gba àárín bẹ́ẹ̀dì kọjá, ọwọ́ lẹ́yìn, àwọn obìnrin tó dùbúlẹ̀ sì ń kí i, "Ẹ káàsán, dókítà," ó ń dáhùn, ó ń mi orí. Ìyá arúgbó kan tó wá wo ọmọ rẹ̀ ká ìró sókè, ó fi orúnkún hàn án. Alágbára tẹ orúnkún náà, ó ní afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, ó bu omi sí ife fúnra rẹ̀.

"Gbà. Gbé e mì. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ fi oògùn ọmọdé pa ẹ́."

Tíṣà fi ọwọ́ méjì gbà á, ó tẹrí ba lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Àgbà, ẹ ó pẹ́ fún wa," ó ju oògùn sẹ́nu, ó mu omi. Ẹni tó ti ń kọ́ ọmọ níwèé láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ibi tí wọ́n ń fi súwíìtì pamọ́ sí lẹ́nu nígbà tí tíṣà bá ń wò wọ́n, ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn eyín òkè, lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni eyín ẹṣin náà jókòó sí títí Alágbára fi parí ọ̀rọ̀ nípa bí òun ṣe máa ń wo àwọn dókítà gan-an sàn. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, ó tutọ́ rẹ̀ sínú aṣọ ìnujú. Ìyá Wọ́ọ̀dù kó ìyókù jù sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó tì í.

Tíṣà pe bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un láti orí kóòtù dé orí orúnkún. Àbúrò rẹ́rìn-ín tó fi di tábìlì mú. Kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ látìgbà ikú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ lọ́tùn-ún lósì títí Ìyá Wọ́ọ̀dù fi gbé ohùn sókè: "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá! Bó bá ṣe ń rẹ́rìn-ín lomi ń dà!"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nìyẹn. Tíṣà ń lo oògùn pupa rẹ̀, pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ tí kò lè jà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un. Wọ́n ń wọn ìgbóná ara rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ àyà ọmọ, Ìyá Wọ́ọ̀dù ń gbóòórùn aṣọ tí Tíṣà fi ń gba omi bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ tó ń fura sí. Láràárọ̀ ni Àbúrò ń pè.

"Ẹrù wa ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, Bàbá mi."

"Kó máa jókòó. Sọ fún un pé kò sí nǹkankan níta."

Ó jókòó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀ sí í mú Tíṣà, kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ọmọ ti dé. Obìnrin ni. Ó kéré, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé iṣan hàn lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ké. Igbe rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó ń móoru, wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín sí i nímú. Àbúrò rí àwòrán rẹ̀, ó fi gíláàsì tó fi ń wo inú aago wò ó lójú fóònù, ó rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn rẹ̀ fò lọ sílé, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n yọ ọ̀pá náà. Kò sí kòkòrò àrùn lára ọmọ, ìfun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ti ń fa ọmú. Ìyá Wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló gba fóònù láti sọ pé, "Bàbá, ó yàgbẹ́ sí mi lọ́wọ́." Kò sí ẹni tó kí Àbúrò kú oríire tó dùn mọ́ ọn nínú tó ìyẹn.

Ohùn Alágbára dé sórí ẹgbẹ́ ẹbí lọ́jọ́ náà.

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹbí. Àwọn dókítà ti gba kámú lórí Tíṣà. Èmi ni mo mú oògùn alágbára lọ, ojú mi ló ṣe gbé e mì. Ẹ wo ọmọ! Ẹ má torí ìwé gbàgbé ọgbọ́n o."

Ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ ṣé o, Bàbá Alágbára. Ẹ kò ní í fi wá sílẹ̀. Orí yín pé. Kódà Wẹ́dà, ojo ènìyàn, kọ "Ẹ ṣeun, sà" síbẹ̀. Àbúrò kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn tó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tún pa á rẹ́. Àkùkọ ń ké lórí ẹyin tí kò yé. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí? Ọmọ ń bẹ láàyè. Jẹ́ kí ó máa ké. Ó lọ fi omi sórí iná.

Ó ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí ẹgbẹ́, lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn. Ìyàwó ọmọkùnrin àbígbẹ̀yìn Alágbára ló kọ ọ́, ọmọdébìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, tí ìtìjú ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí.

"Ẹ káàsán, ẹ̀yin òbí mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, inú ń mú mi láti àárọ̀, ó ń mú, ó ń fi sílẹ̀. Oṣù tèmi náà ò tíì pé. Omi ò tú o. Ṣé mo lè lo èyí tí ẹ fún Tíṣà?"

Ohùn Alágbára dé kí Àbúrò tó kà á tán.

"Ọmọ mi, ìwọ gbọ́n ju Tíṣà lọ. Ṣé dandan ni kómi tú ká tó gbégbèésẹ̀? Máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti kó o kalẹ̀. Gbọ́ ọ!"

Nínú fóònù, nínú yàrá Àbúrò, lórí tábìlì tó kún fún eyín aago, agolo mílíìkì náà dún. Gbàràgàdà, gbàràgàdà. Ṣẹ̀kẹ̀.

Ó pe Tíṣà, tó ṣì wà pẹ̀lú ọmọ nílé ìwòsàn, Tíṣà sì fi fóònù sétí Ìyá Wọ́ọ̀dù.

"Omi ò tú? Inú nìkan ló ń mú un?" ni Ìyá Wọ́ọ̀dù wí. "Kó máa bọ̀ níbí kíákíá, kó má gbé nǹkankan mì. Ògiri tiẹ̀ ò tíì lanu. Tí kò bá sí àmì àrùn, a kì í fún irú ẹ̀ ní oògùn apakòkòrò torí pé inú ń mú un. Kì í dá ọmọ dúró, ó sì lè ṣe é ní jàǹbá. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná! Bàbá, ṣé ẹni yẹn ló tún fẹ́ fún un?"

"Òun ni."

"Ta ló ń jẹ́ kó máa ṣe é?"

Àbúrò pa fóònù. Ó wá nọ́ńbà ìyàwó náà, ó pè é, kò gbé e. Bóyá ó ti wà lójú ọ̀nà. Ó ku ọ̀nà tí ọmọlúàbí ń gbà. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

"Àbúrò! Èrò ìlú òkèèrè! O ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ọmọ-ọmọ ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ìyàwó yẹn ní oògùn. Ẹ jẹ́ kó lọ sílé ìwòsàn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Aago ló sọ fún ẹ?"

"Agbẹ̀bí ni. Ó lè ṣe ọmọ inú ẹ̀ ní jàǹbá."

Alágbára rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín sí aláìsàn tó bá béèrè ìbéèrè. "O sá fún ṣọ́ọ̀bù yìí nígbà tó o wà lọ́mọdé, o ò ní agídí ọkàn. Oògùn ọwọ́ mi ló gba ọmọ Tíṣà là, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Ṣé ìwọ ò mọ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, Tíṣà ò..."

"Oníbàárà dé," ni Alágbára wí, ó sì pa fóònù.

Àbúrò gbé fóònù kalẹ̀ láàárín àwọn eyín aago, ó wò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn ní ẹ̀kọ́ ilé, wọ́n á ní kó fi ọwọ́ méjì gba nǹkan. Wọn ò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá rí i pé ó gbà á, tó rò pé ó jẹ ẹ́. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sójú, ó ṣí ẹgbẹ́ ẹbí, níbi tí gbogbo wọn á ti kà á, ọlọ́mọ àti aláìlọ́mọ, ó sì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń to aago. Nígbà tó parí, kò pa á rẹ́. Ó fi ránṣẹ́.

"Ìyàwó àbígbẹ̀yìn, ọmọ mi, má gba oògùn kankan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bó o bá ti gbà á, má gbé e mì. Kọjá lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí, Ìyá Wọ́ọ̀dù ń retí ẹ. Tíṣà ò gbé oògùn Ẹ̀gbọ́n mì rí. Oògùn pupa kékeré tí dókítà kọ ló lò, òun ni kò jẹ́ kí àrùn wọlé tọ ọmọ. Ti Ẹ̀gbọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé ìwòsàn, kò dín, àyàfi èyí tí Tíṣà tutọ́ ẹ̀ sínú aṣọ ìnujú lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n ń wo orúnkún olórúnkún kiri nínú kóòtù alápatà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Ẹ máa mi agolo yín lọ. Níbi iṣẹ́ tí mo sá lọ kọ́, ohun tó bá ń dún ṣẹ̀kẹ̀ nínú aago, ó ti já ni."